Omi Tó Tòrò àti Omi Tó Ṣeé Mu

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní yunifásítì, tó ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta báyìí, fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Fọ́tò píọ̀ wọ́tà ni. Ó fi ìka tọ́ka sí nọ́ḿbà NAFDAC tó wà lára ọ̀rá náà, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé tí a bá ti rí eléyìí, ọkàn wa balẹ̀ nìyẹn?"

Mo kọ́kọ́ fẹ́ dá a lóhùn pé èmi kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, pé gírámà ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi yìí ti kàn mí nínú ilé ara mi ní Òkè Baálẹ̀ níbí, débi pé mo lọ wá ìwé ìlànà tí ìjọba ṣe lórí rẹ̀, mo sì kà á tán. Ìdáhùn ṣókí ni pé nọ́ḿbà yẹn sọ nǹkan kan, àmọ́ ohun tó sọ kò tó ohun tí a rò pé ó sọ. Ìdáhùn gígùn ni mo fẹ́ kọ síbí, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń ronú lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń ṣe kí ni. Àjọ méjì ni àwọn èèyàn sábà máa ń dà pọ̀ mọ́ra. SON ni àjọ tó ń ṣe òdiwọ̀n fún ọjà àti ohun èlò ní Nàìjíríà. Òun ló gbé ìlànà omi mímu jáde ní 2007, èyí tí wọ́n ń pè ní NIS 554, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2015. Inú rẹ̀ ni a ti ń rí i pé ohun báyìí kò gbọdọ̀ ju iye báyìí lọ nínú omi. NAFDAC ní tirẹ̀, tí òfin 15 ti ọdún 1993 dá sílẹ̀, ló ń bójú tó oúnjẹ, oògùn, àti omi tí a bá dì sínú ọ̀rá tàbí ike fún títà. Nígbà tí Olóògbé Dora Akunyili wà níbẹ̀, láti 2001 sí 2008, ni nọ́ḿbà NAFDAC di ohun tí ẹni tí kò kàwé pàápàá mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè. Omi ẹ̀rọ ní tirẹ̀, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ omi ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló wà. Ti Ọ̀ṣun ń fa omi odò Erinlẹ̀ ní agbègbè Ẹdẹ.

Kí NAFDAC tó fún oníṣẹ́ omi ní nọ́ḿbà, wọ́n á wá wo ibi tó ti ń ṣe é: orísun omi náà, bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ẹ, bí àyíká ibẹ̀ ṣe rí. Wọ́n á bu omi náà lọ sí láàbù. Bó bá yege, nọ́ḿbà á jáde, wọ́n á sì máa sọ ọ́ dọ̀tun bí àkókò rẹ̀ bá pé. Lára ọ̀rá, a gbọ́dọ̀ rí orúkọ ilé-iṣẹ́, àdírẹ́sì rẹ̀, nọ́ḿbà náà, iye omi tó wà nínú rẹ̀, àti ọjọ́. Nítorí náà, ohun tí nọ́ḿbà ń sọ fún yín ni pé ní ọjọ́ kan báyìí, ilé-iṣẹ́ yìí yege, àti pé bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹni tí a lè mú wà. Kò sọ pé ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ yín lónìí yege. Kò mọ̀ bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ohun tí wọ́n fi ń sẹ́ omi náà láti ọjọ́ tó ti yẹ. Kò mọ̀ bóyá àpò omi náà ti wà nínú oòrùn Ọjà Ọba fún ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn kan sì wà, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n, tó jẹ́ pé nọ́ḿbà ẹlòmíràn ni wọ́n tẹ̀ sára ọ̀rá tiwọn.

Síbẹ̀, n kò ní bú píọ̀ wọ́tà. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti lé ní ogójì ọdún á rántí áìsì wọ́tà, omi tí wọ́n ń bù sínú náílọ́ọ̀nù, tí wọ́n á so ẹnu rẹ̀ ní kókó, tí àwọn ọmọdé á máa gbé kiri inú gáréèjì. Ẹnu ni wọ́n fi ń fẹ́ náílọ́ọ̀nù yẹn kó tó ṣí. A mu ún, a tún ní kí wọ́n fi jáárá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà yẹn àti ìsinsìnyí, òfin ló mú un wá.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Òfin yẹn ń tẹ̀lé owó. Omi tí a bá tà ni wọ́n ń ṣọ́. Ta ló ń ṣọ́ omi tí a kò tà? Ní àdúgbò wa níbí, ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé kànga ni wọ́n ń fà. Píọ̀ wọ́tà wà fún àlejò, fún ọmọ tó ń lọ sí iléèwé, àti fún ìgbà tí owó bá wà lọ́wọ́. Omi tí a fi ń se ọbẹ̀, tí a fi ń po gàrí, tí a fi ń fọ eyín, tí a fi ń po ògì fún ọmọ ọwọ́, omi kànga ni. NIS 554 kò yọ kànga inú ilé sílẹ̀ o. Ó dárúkọ omi tí ìdílé ń fà fún ara wọn. Lórí ìwé, kànga mi àti omi ẹ̀rọ ìjọba wà lábẹ́ òdiwọ̀n kan náà. Àmọ́ ìwé kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sílé ẹni.

Nígbà kan rí, ó máa ń rìn wá. Àwọn àgbà tó ń ka èyí á rántí wolé-wolé. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, tí mo wà lọ́mọdé, bí a bá gbúròó pé wolé-wolé ti wọ àdúgbò, ìdààmú á bá gbogbo agboolé. Ìyá mi á sáré lọ fi ọmọrí dé ìkòkò omi. Wọ́n á gbá ẹ̀yìnkùlé kíákíá. Ọkùnrin náà á dé pẹ̀lú aṣọ kákí rẹ̀, á ṣí àmù omi, á yẹjú wò ó, bó bá rí tanwíjí tó ń yí nínú rẹ̀, ó di kí wọ́n da omi náà nù lójú rẹ̀, bóyá kí wọ́n tún san owó ìtanràn. A bẹ̀rù rẹ̀, a sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn tó bá ti kọjá tán.

Ẹ jẹ́ n ṣe iṣẹ́ mi díẹ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ náà tẹ̀lé ọ̀nà kan tí a ń gbà ṣẹ̀dá orúkọ oníṣẹ́: a ó mú ọ̀rọ̀-ìṣe pẹ̀lú ohun tó ń ṣe, a ó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Pa iná, panápaná. Gbẹ́ ọnà, gbẹ́nàgbẹ́nà. Ja ogun, jagunjagun. Wo ilé, wolé-wolé. Nínú ìdánwò, àwọn kan nínú yín máa ń kọ ọ́ ní "wọlé-wọlé", pé ẹni tó ń wọ ilé ni. Mo máa ń fa igi pupa sí i. Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, mo ti dẹ̀ díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí kò sí bí ọkùnrin náà ṣe fẹ́ wo inú àmù tí kò ní wọlé. Wọn kò tíì parẹ́. Wọ́n ṣì wà ní ìjọba ìbílẹ̀, orúkọ wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì ti gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti kọ́ ilé sí Òkè Baálẹ̀, n kò tíì rí ọ̀kan tó yẹjú wo kànga mi.

Ohun tó gbé mi dé orí ọ̀rọ̀ yìí ni pé, ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, taifọ́ọ̀dù mú ọmọ méjì nínú agboolé tó tẹ̀lé tiwa láàárín oṣù kan. Èyí àbúrò fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Kànga wa ni ilé wọn ti ń pọn. Lóòótọ́, taifọ́ọ̀dù lè gba inú oúnjẹ wọlé, ó lè gba ọwọ́ ẹni tó ń se oúnjẹ wọlé, ṣùgbọ́n mi ò lè sùn. Mo bẹ ẹnì kan tó mọ̀ nípa láàbù pé kó bá mi yẹ omi náà wò. Ó kọ̀ kí n fi ìgò ragolis bu omi wá. Ó ní ìgò tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀ ni wọ́n ń lò, kí a gbé e sínú áìsì, kó sì dé ọ̀dọ̀ òun lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí bí omi bá pẹ́ nínú ooru, àwọn kòkòrò inú rẹ̀ á ti yí iye padà, èsì rẹ̀ á sì di irọ́.

Ìwé tó fún mi, ojú ewé kan péré ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, lẹ́tà kúkúrú àti nọ́ḿbà. Mo gbé e lọ bá màmá tó dàgbà jù nínú agboolé yẹn, ìyá àgbà àwọn ọmọ náà, kí n lè ṣàlàyé fún un. Mo ní, "Màmá, wọ́n ní omi wa kò dára."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Pùròfẹ́sọ̀, omi wo? Omi tó tòrò báyìí? Ẹ wo inú igbá, ẹ ó rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò rùn, kò lẹ́tọ̀ọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wọ ilé yìí ni mo ti ń mu ún."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, ó tòrò. Àmọ́ kò mọ́."

Ó ní, "Kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ni ní èdè Yorùbá, mi ò sì rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ tọ̀nà. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí a ní fún omi. Omi tòrò, omi rú: ojú ló ń rí i. Omi dùn, omi níyọ̀: ahọ́n ló ń tọ́ ọ wò. Omi rùn: imú. Omi tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó: ọwọ́ alágbàfọ̀ ló mọ ìyẹn. "Mọ́" fúnra rẹ̀, ojú ló kọ́kọ́ jẹ́ tirẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ojúmọ́ mọ́: ìmọ́lẹ̀ dé, a ń ríran. Láti ibẹ̀ ló ti gba ọ̀nà ilẹ̀ tí a gbá dé ọ̀nà ọkàn, títí ó fi dé Ẹ̀mí Mímọ́. Gbogbo rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó sọ nípa ohun tó wà nínú omi tí ojú, imú àti ahọ́n kò lè bá. Àwọn baba wa pe kọ́lẹ́rà ní onígbáméjì, nítorí igbá kan fún èébì, igbá kan fún ìgbẹ́. Orúkọ náà ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ohun tí wọ́n rí lára aláìsàn. Ohun tí aláìsàn mu kò sí nínú orúkọ náà.

Kì í ṣe àwa nìkan nìyẹn ṣẹlẹ̀ sí. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1854, kọ́lẹ́rà ń pa àwọn èèyàn ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Soho. Dókítà John Snow fura sí ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street. Omi ẹ̀rọ yẹn, àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ. Opó kan tó ti kó kúrò ní àdúgbò náà lọ sí Hampstead, tó jìnnà sí ibẹ̀, ṣì máa ń rán èèyàn lọ gbé omi náà wá fún òun nítorí pé ó dùn lẹ́nu rẹ̀. Òun náà kú, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ti àbúrò rẹ̀ tó bá a mu níbẹ̀ kú, nígbà tí kọ́lẹ́rà kò sí ní Hampstead. Ikú opó yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Snow fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Omi tó dùn jù ni.

Ohun tí mo padà sọ fún Màmá nìyí. Ohun kan wà nínú èsì yẹn tí wọ́n ń pè ní E. coli. Inú ìfun èèyàn àti ẹranko ló ń gbé. Kì í bẹ̀rẹ̀ láti inú ilẹ̀, kì í bẹ̀rẹ̀ láti inú òjò. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni kì í tilẹ̀ ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Olófòófó ni. Bí a bá bá a nínú omi, ó ń sọ fún wa pé ìgbẹ́ ti dé inú omi náà, ohunkóhun tó bá sì wà nínú ìgbẹ́ àdúgbò, taifọ́ọ̀dù ni o, kọ́lẹ́rà ni o, lè bá a wá. Ìdí nìyẹn tí òdiwọ̀n wa fi ní kó jẹ́ 0 nínú 100 mililítà omi. Kò sí "díẹ̀díẹ̀" níbẹ̀. Tiwa jẹ́ 14.

Màmá kò béèrè ìyàtọ̀ tòrò àti mọ́ mọ́. Ó ní, "Ìgbẹ́ ta ni?"

Ìbéèrè tó yẹ kí òfin béèrè gan-an nìyẹn. Ẹni tó yẹ omi náà wò ti tọ́ka sí ìlà kejì: náítíréètì, 58 miligíráàmù nínú lítà kan. Òdiwọ̀n ní kó má ju 50 lọ, nítorí àwọn ọmọ ìkókó ni pàápàá. Bí ó bá pọ̀ nínú omi tí a fi po mílíìkì wọn, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọn gbé atẹ́gùn káàkiri ara bó ṣe yẹ. Ajílẹ̀ lè gbé náítíréètì wọ kànga, ṣùgbọ́n kò sí oko ní àdúgbò wa. Sókàwéè ló wà. Ilé tuntun kan tó wà lókè wa gbẹ́ tiwọn ní ìgbẹ̀yìn ọdún tó ṣáájú. Mo fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà náà láti ibẹ̀ dé kànga: ìgbésẹ̀ 11.

Ìmọ̀ràn tí àwọn onímọ̀ máa ń fúnni ni pé kí ṣaláńgá tàbí sókàwéè jìnnà sí kànga ní mítà 30, ó kéré tán, kó má sì wà lókè rẹ̀. Mo rò ó. Pílọ́ọ̀tì ilẹ̀ tí a ń tà ní ìlú wa, ẹsẹ̀ 50 ní ìbú, ẹsẹ̀ 100 ní òró, ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n. Ẹsẹ̀ 100 yẹn, mítà 30 ni, ó lé díẹ̀. Èyí ni pé bí mo bá gbẹ́ kànga sí iwájú pátápátá, tí mo gbẹ́ sókàwéè sí ẹ̀yìn pátápátá, tí ilé wá wà láàárín, ẹ̀yìnkùlé mi ti kan iwájú ilé ẹlòmíràn, sókàwéè mi sì ti wà lẹ́bàá kànga tirẹ̀. Bí gbogbo wa bá tilẹ̀ pa òfin mọ́, ilẹ̀ náà kò gbà á. Ìlú tí olúkúlùkù ti ní kànga tirẹ̀ àti sókàwéè tirẹ̀ lórí pílọ́ọ̀tì kan, ìgbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń pààrọ̀ fún ara wọn lábẹ́ ilẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ náà, mi ò rí èyí tó fẹ́lẹ́ jù ú lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé píọ̀ wọ́tà kò lè rọ́pò omi ẹ̀rọ, bó ti wù kí NAFDAC ṣọ́ ọ tó. Omi ẹ̀rọ, ojú kan ló ti ń wá. A lè yẹ̀ ẹ́ wò lójú kan. Wọ́n á fi álọ́ọ̀mù kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ jọ kó rọ̀ sísàlẹ̀, wọ́n á gbà á kọjá nínú yanrìn, wọ́n á fi kilórìn pa kòkòrò inú rẹ̀, díẹ̀ nínú kilórìn náà á sì kù nínú omi kó lè máa ṣọ́ ọ títí tí yóò fi dé ilé. Òórùn yẹn tí àwọn èèyàn máa ń tìtorí rẹ̀ sọ pé omi ẹ̀rọ ń rùn oògùn, ẹ̀ṣọ́ ni. Níbi tí imú wa ti ń bínú gan-an ni omi ti ní ààbò.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ kòkòrò láti òkè wá. Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù ni ohun tí kì í ṣe kòkòrò, tí sísè kò lè pa. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí etí odò.

Ìtàn Òṣogbo fúnra rẹ̀, omi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àìrí omi ni wọ́n ní ó mú Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ kúrò ní Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n fi wá dé etí odò Ọ̀ṣun. Orúkọ oyè ọba wa, Àtáọ́ja, inú odò yẹn ló ti wá: a-tẹ́-ọwọ́-gba-ẹja. Láti 2005 ni UNESCO ti ka igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ibi tó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Ní oṣù kẹjọ 2022, tí ọdún Ọ̀ṣun ku díẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má mu omi odò náà. Odò ti pọ́n bí ẹrẹ̀ nígbà náà. Àwọn tó ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń fọ yẹ̀pẹ̀ sínú àwọn odò tó ń ṣàn wá bá a, àjọ Urban Alert sì ti gbé ìròyìn jáde pé àwọn bá mákúrì àti òjé nínú rẹ̀ ju òdiwọ̀n lọ. Àwọn kan bù ú mu síbẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Mi ò ní fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Fún ẹni tó ń sìn ín, omi náà mọ́ nítorí ẹni tó ni ín, kì í ṣe nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, "mímọ́". Òun àti láàbù kàn ń fi sọ ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Mákúrì ni ọ̀pọ̀ awakùsà kékeré káàkiri ayé fi ń kó góòlù jọ nínú yẹ̀pẹ̀. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ góòlù. Wọ́n á wá fi iná sun ún kí mákúrì lè gbẹ, kí góòlù kù. Èyí tó bá ṣẹ́ kù á gba inú odò lọ, á yí padà nínú ẹrẹ̀, á wọ inú ẹja. Òjé ní tirẹ̀ máa ń wà nínú àwọn òkúta kan pẹ̀lú góòlù. Ẹ rántí Zamfara ní 2010: wọ́n ń lọ òkúta góòlù nínú agboolé, eruku òjé kún ilẹ̀ àti omi, ọmọdé tó lé ní 400 kú. Kò sí ẹni tó fojú rí òjé náà. Ọpọlọ ọmọdé ló kọ́kọ́ máa ń bà jẹ́.

Òdiwọ̀n wa ní kí òjé má ju 0.01 miligíráàmù lọ nínú lítà kan, kí mákúrì má ju 0.001 lọ. Ẹ jẹ́ n fi píọ̀ wọ́tà ṣe ìṣirò rẹ̀. Àpò kan ní ọ̀rá 20, ọ̀rá kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, àpò kan wá jẹ́ lítà 10. Miligíráàmù òjé 1 péré, tí ẹ kò ní rí lórí èékánná yín, tó láti gbé àpò 10 dé ẹnu ààlà. Ti mákúrì, àpò 100. Ojú wo ló fẹ́ rí ìyẹn?

Ibi tí òfin ti há nìyí. Nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló lè ṣòfin lórí ìwakùsà. Omi tó ń ṣàn gba iwájú ilé wa, ìjọba ìpínlẹ̀ ni a ń wò. Nítorí náà, nígbà tí odò bàjẹ́ ní 2022, ohun tó rọrùn jù fún ìpínlẹ̀ láti ṣe ni kí ó kìlọ̀ fún ẹni tó ń mu omi. Ìwé àṣẹ awakùsà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ láti gbà. Òfin dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lókè.

Mo padà sọ́dọ̀ ìwọ tó fi fọ́tò ránṣẹ́, nítorí mo mọ̀ pé o ó béèrè pé kí wá ni ṣíṣe. Nípa ti píọ̀ wọ́tà, wo àdírẹ́sì àti ọjọ́ pẹ̀lú nọ́ḿbà. Ọ̀rá tí kò ní àdírẹ́sì tó ṣeé tọ̀, má rà á. Má rà èyí tó ti wà lóòrùn. Nípa ti kànga: omi tó bá rú, jẹ́ kó tòrò ná, fi álọ́ọ̀mù sí i tàbí kí o sẹ́ ẹ, nítorí kilórìn kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú omi tó rú. Lẹ́yìn náà, sè é títí yóò fi hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan, kí o bò ó kó tutù. Bí gáàsì bá wọ́n, rọ ọ́ sínú ike ragolis tó mọ́ gaara, fi í sínú oòrùn fún wákàtí 6. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, ọjọ́ méjì. Kọ́ọ̀bù tó lọ́wọ́ ni kí ẹ máa fi bù ú, kí ọwọ́ ọmọ má ba ohun tí iná ti wẹ̀ jẹ́. Gbogbo èyí, kòkòrò ló wà fún. Òjé, mákúrì àti náítíréètì, sísè kò mú wọn kúrò. Omi ló ń dínkù bó ti ń hó, àwọn ni wọ́n ń kù, wọ́n á tilẹ̀ tún ki sí i. Ti ìwọ̀nyí, àfi láàbù.

Àwa ní Òkè Baálẹ̀, a fa kànga náà gbẹ, a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹnu rẹ̀ sókè, a fi kilórìn fọ̀ ọ́. Mo lọ rí onílé tó wà lókè. Ọmọlúàbí èèyàn ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó gbé àga fún mi. Ó ní, "Bàbá, kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, kò sẹ́ni tó wá sọ fún mi. Níbo ni ẹ fẹ́ kí n gbé e sí báyìí?" Mo wo ilẹ̀ rẹ̀ yíká. Mi ò rí ibi tí mo lè tọ́ka sí.

Látìgbà náà, lẹ́yìn òjò ọdọọdún, a ń dáwó jọ, a sì ń gbé omi lọ sí láàbù. Èyí tó dé kẹ́yìn ní oṣù kẹwàá: E. coli, 0. Náítíréètì, 55. Mo kà á fún Màmá ní Yorùbá. Ó dúpẹ́ fún ti àkọ́kọ́. Ó wá ní kí n tún ka èkejì fún òun, nítorí ìyàwó ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.